Láítà tí kò ní bátìrì: níbo ni iná rẹ̀ ti ń wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Oúnjẹ ni mò ń tà ní Ìgbóǹnà, l'Óṣogbo níbí. Láítà gígùn tí mo fi ń ṣáná sí gáàsì kò ní bátìrì, síbẹ̀ tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á dún "kọ̀", iná á sì ta pàrà lẹ́nu rẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń dún ṣùgbọ́n kò ta pàrà mọ́. Ẹ̀bá iná ni mo máa ń gbé e sí. Ṣé ó ti kú ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ó lè má tíì kú.

Òòlù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí sípíríǹgì ń tì. Òun ló ń dún "kọ̀". Ohun tó ń lù ni òkúta kékeré kan tí wọ́n fi òjé, zirconium àti titanium (irin méjì kan), àti ọ́síjìn ṣe, tí wọ́n sun bí ẹni sun ìkòkò, àfi pé iná tiwọn ju 1,000°C lọ. PZT ni wọ́n ń pè é. Kírísítálì wínníwínní, ìyẹn hóró bíi ti iyọ̀, ló so pọ̀ di òkúta yìí. Nínú wọn, titanium kì í jókòó sí àárín gan-an, ó máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn ló fi jẹ́ pé apá kan ní pọ́sítíìfù, apá kejì ní nẹ́gétíìfù.

Tí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kálukú á kọjú síbi tó wù ú, agbára wọn á sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi iná mànàmáná tó le kọjú gbogbo wọn síbì kan náà. Ẹ ṣáà ti rí èrò lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, nígbà tí Arugbá bá yọ: ibì kan ṣoṣo ni gbogbo ojú ń wò. Bí òòlù bá wá fún òkúta náà pọ̀ lójijì, iná mànàmáná á jáde lójú rẹ̀ méjèèjì, á sì fò lẹ́nu láítà: òun lẹ ń rí tó ń ta pàrà. Jacques àti Pierre Curie, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Faransé, ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ hàn lára àwọn kírísítálì kan ní 1880. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu dòní: ó lè lé ní 10,000 fóltì, tilé wa sì jẹ́ nǹkan bíi 230! Iná tó ń jáde ló kéré níye, kì í sì í pẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ju kó ta èèyàn lọ.

Ooru lè tú àwọn kírísítálì tó kọjú síbì kan náà yẹn ká. Bó bá gbóná kọjá ìwọ̀n kan, tó sábà máa ń lé ní 200°C, titanium á padà sí àárín, kò sì ní tò bíi tàtẹ̀yìnwá bó bá tutù. Àmọ́ èmi ò rò pé ẹ̀bá iná yín gbóná tó bẹ́ẹ̀. Òróró àti èéfín oúnjẹ ni mo fura sí. Tí ọ̀rá, èéfín àti omi bá lẹ̀ mọ́ ẹnu láítà, iná mànàmáná á gba ara ìdọ̀tí yẹn lọ, kò ní fò mọ́.

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹnu rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn, ẹ má yá a níná o. Tó bá di alẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn, jìnnà sí gáàsì. Bó bá ta pàrà, ó ti bọ́ sí i. Bó bá ń dún tí kò sì ta rárá, ẹ ra òmíràn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣí gáàsì sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa tẹ láítà léraléra. Ẹ pa á, ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ tó tún gbìyànjú.

Èyí tó bá sì kú, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ fọ́ ọ fi ṣeré. Òjé wà nínú rẹ̀.