Ẹni tó ti gba kíndìnrín, tí wọ́n fẹ́ la ìpá fún

Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín, Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Ẹ ní ó ti pé ọdún méjì tó gba kíndìnrín, ìpá (hernia) wá yọ níbi tí itan ti pàdé ikùn, wọ́n sì fẹ́ là á. Ẹ ń bẹ̀rù pé kíndìnrín lè bá a lọ. Ewu wà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀bẹ kọ́ ló sábà máa ń ṣe é. Oògùn tí wọn ò fún un lásìkò, omi tó gbẹ lára rẹ̀ àti oògùn ìrora tí kò yẹ kó lò ló ń ṣe é.

Ọdún 2000 ni wọ́n ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ dókítà tó ń la ìpá lè má tíì tọ́jú irú àbúrò yín rí. Nítorí náà, kí dókítà kíndìnrín rẹ̀ kọ lẹ́tà sí wọn. Ìsàlẹ̀ ikùn ni kíndìnrín tuntun máa ń wà, lọ́tùn-ún tàbí lósì. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ máa kàn án. Bí ìpá bá wà níhà kan náà, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà lọ sínú àpòòtọ̀ lè ti rì sínú ìpá, ẹni tí kò mọ̀ sì lè gé e. Kí wọ́n ṣe síkáànì kí wọ́n tó dá ọjọ́.

Tacrolimus àti mycophenolate, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun, kì í dúró nítorí iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá ní kó má jẹ kó má mu, ẹ béèrè kedere lọ́wọ́ dókítà akunnilóorun pé kí àbúrò yín fi omi díẹ̀ gbé oògùn òwúrọ̀ mì lásìkò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì alẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ; ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń ṣì í. Kó mú oògùn tirẹ̀ wá láti ilé, torí Tacrolimus tí à ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n ti ẹ̀ẹ̀mejì, wákàtí 12 lẹ́yìn oògùn alẹ́ ni wọ́n ń fà á. Bó bá ti lo ti òwúrọ̀ kí wọ́n tó fà á, nọ́ńbà á ga lásán, wọ́n á sì dín ohun tí kò yẹ ní dídín kù.

Bó bá jẹ́ Sirolimus tàbí Everolimus, tí àwọn náà kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín, ló ń lò, ọ̀rọ̀ yí padà. Wọn kì í jẹ́ kí egbò jiná dáadáa. Dókítà kíndìnrín ló máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ má fúnra yín dá a dúró.

Prednisolone, oògùn steroid, ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Ẹni tó ti ń lo 5 mg lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ara rẹ̀ lè má lè pèsè steroid tirẹ̀ mọ́ nígbà ìnira, ìfúnpá rẹ̀ á já wálẹ̀ lórí tábìlì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gún un ní hydrocortisone, steroid abẹ́rẹ́, 100 mg bí wọ́n bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tijú láti béèrè rẹ̀. Bí ojú dialysis (ibi tí wọ́n ti ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀) bá ṣì wà lápá rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fi omi tàbí ẹ̀rọ ìfúnpá sí apá yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti kádì oògùn rẹ̀. Diclofenac àti ibuprofen, rárá o. Tacrolimus ti ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ kíndìnrín tẹ́lẹ̀, àwọn yìí á tún fún un mọ́ ọn. Paracetamol ni. Erythromycin, clarithromycin àti fluconazole ń gbé Tacrolimus sókè nínú ẹ̀jẹ̀, rifampicin ń já a wálẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí màmá má gbé àgbo egbò wá.

Kí wọ́n wo creatinine, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ṣáájú, kí wọ́n tún wò ó lọ́jọ́ kejì. Prednisolone máa ń bo ibà àti ìrora mọ́lẹ̀, ẹ má retí kó pariwo. Ibà 38, ìtọ̀ tó dín kù, tàbí ìrora lójú kíndìnrín ti tó láti padà lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù mú yín sún un síwájú títí ìpá á fi há, torí iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì léwu fún un ju èyí tí a múra sílẹ̀ fún lọ. Bó bá le, tí kò wọlé mọ́, tó sì ń bì, kó lọ sílé ìwòsàn lóru náà. Ẹ pe dókítà kíndìnrín rẹ̀ lójú ọ̀nà.