Ọmọ yín ò ya ọ̀lẹ, ìyá Sábó

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Sábó, Abẹ́òkúta níbí. Hausa ni wọ́n, àmọ́ Sábó ni wọ́n bí wọn sí, Yorùbá wọn sì já gaara. Wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn tó máa ń gba ipò kìíní nínú eré sísá ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti pé ọdún 13, kò sì sáré mọ́. Bí wọ́n bá ti ní ká jáde sí pápá, á ní inú ń run òun. Bàbá rẹ̀ ní ó ti ń dàgbà nìyẹn, kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n wá bi mí: ṣé ọ̀lẹ lọmọ òun ń yà ni?

Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ yín ò ya ọ̀lẹ rárá. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nínú ìṣirò tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe lórí àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 káàkiri ayé fún ọdún 2016, bíi 85 nínú ọmọbìnrin 100 ni kì í ṣe eré ìdárayá tó wákàtí kan lójúmọ́. Ti ọkùnrin jẹ́ 78.

Ṣùgbọ́n ti ọmọ yín tún ní èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹ ní àwọn ọmọkùnrin ń pè é ní "Gàm̀bàrí" lórí pápá, pé wọ́n fa híjáàbù rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń sáré lọ, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ìlà kan péré lẹ fi sọ ọ́, ẹ kọjá lọ. Èmi ò lè kọjá níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, inú rẹ̀ á run ún lóòótọ́ bó bá ti gbọ́ orúkọ pápá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá ń bá ìtìjú ọyàn àti nǹkan oṣù fà á. Òun ń bá ìyẹn fà á, ó tún ń bá ẹ̀sín ẹ̀yà fà á. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá tó ń ka èyí, inú ilé wa lọ́mọ ti ń kọ́ irú èébú bẹ́ẹ̀. Àwa tí baba ńlá wa sá ogun wá sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, ó yẹ ká mọ ohun tí à ń ṣe fún ọmọ ẹlòmíì.

Ìyá, ẹ lọ sílé ìwé fúnra yín. Ẹ sọ ti híjáàbù yẹn fún tíṣà, bí kò bá kà á sí, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Ẹ ní kí télọ̀ fi aṣọ tó ń nà rán híjáàbù tó kúrú, tó lẹ̀ mọ́ orí, tí kò gba abẹ́rẹ́. Láti 2014 ni FIFA ti fọwọ́ sí ìborí lórí pápá bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní kó ṣí orí.

Nígbà tí ẹ bá ń dirun fún un, tí kò ní láti wojú yín, ẹ bi í bóyá páàdì rẹ̀ ń tó, bóyá kọ́mú rẹ̀ mú un dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé kọ́mú tí kò bá wọn mu ló lé wọn kúrò lórí pápá, wọn ò sì ní sọ.

Ní ti bàbá rẹ̀, ẹ má jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n bi málàmù wọn nípa hádíìsì tí Abu Dawud gbà sílẹ̀: Ànọ́bì bá Àíṣà ìyàwó wọn sáré ìje, Àíṣà borí, nígbà tó yá tí Àíṣà sanra, wọ́n tún sá a, Ànọ́bì borí, wọ́n ní èyí ni ẹ̀san tọjọ́sí. Obìnrin ilé ọkọ ló sáré yẹn o.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú sí i. Ẹ ní bó bá ti dé láti ilé ìwé, fúrá ló ń bá yín ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì wà nídìí bọ́ọ̀lù. Ìgbà wo ló fẹ́ ṣeré? Ẹ yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ méjì fún un lọ́sẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ti fúrá. Ẹ̀yin ìyá bíi mélòó kan ní àdúgbò, ẹ kó àwọn ọmọbìnrin yín jọ síbi tí ọkùnrin ò ti ní dà wọ́n láàmú: okùn fífò, tẹ́ńtẹ́ń, àti gáda, eré orin àti àtẹ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin Hausa, tí ẹ̀yin náà ṣe lọ́mọdé. Bí ẹ bá ti rí ọ̀gá àgbà, ẹ kọ̀wé sí mi, kí n mọ ohun tí wọ́n sọ.