Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ooru Big Bend kì í ṣe ooru Ìlọrin

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ní oṣù kẹfà, a fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe àyájọ́ ìgbéyàwó wa ní Big Bend, ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó wà níbi tí Texas ti bá Mẹ́síkò pààlà. Ọkọ̀ kékeré la ní, kì í ṣe jíìpù. Ẹ̀rù ooru ń bà mí, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ọmọ Ìlọrin ni òun, pé kí ni ooru fẹ́ fi òun ṣe? Ẹ bá wa dá sí i.
– Ìyàwó Ará Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí ọkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ jàre. Nílé, òógùn á rin aṣọ, aṣọ á lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn, ara fúnra rẹ̀ á sì béèrè omi. Ti Big Bend dà bíi kí ọyẹ́ lọ gbé oòrùn oṣù kẹta wọ̀. Bí òógùn bá ṣe ń yọ ni afẹ́fẹ́ ń gbé e mì. Ara á gbẹ táútáú, èèyàn á rò pé òun ò làágùn, bẹ́ẹ̀ omi ara rẹ̀ ń tán lọ.

Oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ló gbóná jù níbẹ̀. Etí odò Rio Grande lè dé 110°F (43°C) tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, lọ́jọ́ tí ooru dé 119°F (48°C), ọmọ ọdún 14 kan dákú lójú ọ̀nà Marufo Vega, níbi tí kò sí ibòji tí kò sì sí omi. Ọkọ ìyá rẹ̀ sáré padà síbi ọkọ̀ láti wá ìrànlọ́wọ́, ọkọ̀ náà sì já wọ kòtò. Àwọn méjèèjì ló kú. Bí ẹ bá lè sún ìrìn yín sí àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ẹ sún un.

Bí kò bá ṣeé sún, ẹ máa wo aago, kí ẹ sì máa wo bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Rio Grande Village létí odò kò ga ju 1,850 ẹsẹ̀ bàtà lọ, Chisos Basin láàárín àwọn òkè sì tó 5,400. Òkè lè fi 20°F tutù ju ìsàlẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rìn, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ẹ gba ojú ọ̀nà Ross Maxwell, máìlì 30, lọ sí Santa Elena, níbi tí odò ti la àpáta gíga 1,500 ẹsẹ̀ bàtà sí méjì. Kí aago mẹ́wàá tó lù, kí ẹ ti wà nínú ọkọ̀. Ọ̀sán jẹ́ ti ibòji àti oorun. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi òwúrọ̀ kùtù gun Lost Mine, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lórí òkè Chisos, máìlì 4.8 ní àlọ àti àbọ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo ìkéde ọgbà náà bóyá ọ̀nà Basin ṣí sílẹ̀.

Window Trail, ọ̀nà ẹsẹ̀ mìíràn ní Chisos Basin, ńkọ́? Ó máa ń tan èèyàn. Ìsọ̀kalẹ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí agbára ṣì wà lára. Àbọ̀ ni òkè gígùn, oòrùn á sì ti wà ní àtàrí nígbà yẹn. Ní oṣù kẹfà, ẹ fi í sílẹ̀.

Omi: gálọ̀nù kan lójúmọ́ fún ẹnì kan, ìyẹn 8 fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ fi 4 lé e fún ọkọ̀ àti fún ìdádúró. Ẹ pín in sínú kẹ́ẹ̀gì púpọ̀, torí bí ọ̀kan ṣoṣo bá jò, ó parí nìyẹn. Omi lásán nìkan kò tó, nítorí iyọ̀ ń bá òógùn lọ. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn ìyá wa máa ń pò fún ọmọ tó ń ṣunú dára púpọ̀: lítà omi kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí kò kún gọngọ, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kan náà. Bí ọ̀kan nínú yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ má fi ipá fún un lómi mu. Fóònù kì í sábà gbé níbẹ̀, nítorí náà kí ẹnì kan ní Houston mọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti ọjọ́ tí ẹ ó dé.

Ọkọ̀ kékeré yín á dé gbogbo ibi tí a dárúkọ fún ìrìn yín. River Road, ọ̀nà eléruku létí odò, ni kò bá a mu. Houston síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 máìlì, ẹ sùn lójú ọ̀nà, torí ìgalà máa ń sọdá títì lóru. Ẹ rọ epo kún ní Fort Stockton tàbí Marathon. Ẹ yẹ táyà ẹ́sítírà wò dáadáa: àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá ọkọ̀ kékeré wá kò ju máìlì bíi 50 lọ, Marathon sì jìnnà sí Panther Junction, ibi olú ilé-iṣẹ́ ọgbà náà, ní máìlì 69. Kò sí fọkanáísà lábẹ́ igi kankan níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná nígbà tí a ń gòkè lọ sí Chisos Basin, kí la ó ṣe?
– Bàbá Ìbejì, Dallas

ÌDÁHÙN: Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ tan ẹ̀rọ amóoru dé ìparí. Ẹ ó làágùn, ṣùgbọ́n ó ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì. Ẹ lo jíà kékeré. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ pupa, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ọkọ̀, ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀, omi gbígbóná á fò bo ojú. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnì gbígbóná, ó lè là. Omi lásán nínú rédíétọ̀ lè gbé yín dé Panther Junction, ṣùgbọ́n ó ń tètè hó ju kúláǹtì lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní green card, físà àbẹ̀wò ni ìyàwó mi fi wọlé láti Ìbàdàn. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Big Bend?
– Ọkọ Ìyàwó, Katy

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Nígbà àbọ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí Marathon àti èyí tó lọ sí Alpine, wọ́n á béèrè ọmọ orílẹ̀-èdè tí ẹ jẹ́. Òfin ní kí ẹni ọdún 18 sókè tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà máa gbé ìwé rẹ̀ kiri. Nítorí náà, ẹ mú green card gan-an, kí ìyàwó yín mú páásípọ́ọ̀tù àti I-94, ìwé tó fi ọjọ́ ìwọlé rẹ̀ hàn, ẹ má gbójú lé àwòrán inú fóònù. Ní Boquillas, ẹnubodè kan nínú ọgbà náà, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn sọdá sí Mẹ́síkò. Bí ìyàwó yín bá sọdá, ó ti jáde kúrò ní Amẹ́ríkà nìyẹn, ìwọlé tuntun ló kù. Kí ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ yẹn.