Deed poll ọ̀fẹ́ ti tó: bí ẹni tó jẹ́ trans ṣe lè yí orúkọ padà ní Ìlú Ọba

Ohun tí ẹ béèrè ni pé ṣé ó di dandan kí ẹni tó jẹ́ trans (ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí akọ tàbí abo tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ fún un nígbà ìbí) gba lọ́yà kó tó lè yí orúkọ padà níbí, àti kí ni ká ṣe sí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Kò di dandan rárá. Ní England àti Wales, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ deed poll, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń kéde pé òun ti yí orúkọ padà, sórí bébà lásán, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbowó fún un, bébà tó nípọn àti òǹtẹ̀ ni wọ́n ń tà. Tiwọn kò lágbára ju tiyín lọ lójú òfin.

Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ni kí ẹ ṣọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́: ẹ sọ pé ẹ ti fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀, pé orúkọ tuntun ni ẹ ó máa jẹ́ fún ohun gbogbo, kí ẹ wá kọ "Signed as a deed" (pé ẹ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin) àti déètì. Ẹ má yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò o. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1989 sọ pé ìwé tí kò bá fi hàn pé deed lòun kì í ṣe deed. Ẹ ó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ní orúkọ àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan ní tuntun, lójú àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí kan tó lójú òfin, àmọ́ méjì làwọn iléeṣẹ́ ń wá, nítorí náà ẹ wá méjì. Kí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 18, kí wọ́n má jẹ́ ẹbí yín, kí wọ́n má sì bá yín gbé ilé kan náà. Kí kálukú wọn kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá gbàgbé àdírẹ́sì, báńkì lè dá deed poll yín padà. Ẹ ṣe mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi bírò fọwọ́ sí gbogbo wọn, torí bí ọ̀kan bá wà nílé ìfìwéránṣẹ́, ẹlòmíràn á ti máa béèrè òmíràn, wọn kì í sì í fẹ́ gba fọ́tòkópì.

Wọ́n lè sọ fún yín pé deed poll tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Royal Courts of Justice, ilé ẹjọ́ ńlá tó wà ní Strand ní London, ló dára jù. Owó rẹ̀ tó nǹkan bíi £50, àmọ́ owó kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Wọ́n máa ń gbé e jáde nínú The London Gazette, ìwé ìkéde ìjọba, orúkọ àtijọ́ àti tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo ayé sì lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbátan tó wà ní Ìbàdàn á rí i bó bá wá orúkọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ láìnídìí. Èyí tí ẹ kọ nílé tó fún báńkì, dókítà, DVLA (iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀) àti iléeṣẹ́ pásípọ́ọ̀tù.

Ibi iṣẹ́, káńsù àti dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe iléeṣẹ́ pásípọ́ọ̀tù. Ìdí ni pé iléeṣẹ́ pásípọ́ọ̀tù á béèrè ẹ̀rí pé ẹ ti ń lo orúkọ náà: ìwé owó oṣù tàbí lẹ́tà káńsù. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yí M (ọkùnrin) sí F (obìnrin) tàbí F sí M nínú pásípọ́ọ̀tù, ẹ fi lẹ́tà dókítà kún un, kó sọ pé àyípadà náà á wà bẹ́ẹ̀ títí. Kò pọn dandan kí ẹ kọ́kọ́ gba Gender Recognition Certificate, ìwé tí ìjọba fi ń fọwọ́ sí i pé èèyàn ti yí akọ tàbí abo padà.

Ní ti láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn lẹ́tà márùn-ún orúkọ bàbá, nọ́ńbà kejì àti ìkẹta ni oṣù ìbí. Ọkùnrin tí wọ́n bí ní oṣù kẹta á ní 03, obìnrin á ní 53. Bí ẹ bá yí orúkọ nìkan, nọ́ńbà yẹn á ṣì máa tú àṣírí yín. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí DVLA pé kí wọ́n yí òun náà padà.

Bí iṣẹ́ yín bá gba ìwé DBS, àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti rú òfin rí, ẹ pe ẹ̀ka tó ń rí sí àwọn trans níbẹ̀ kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ má baà rí orúkọ àtijọ́. Bí dókítà bá yí akọ tàbí abo yín padà lórí ìwé NHS, ètò ìlera ìjọba, ẹ ó gba nọ́ńbà NHS tuntun, ìpè fún àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ sì lè dáwọ́ dúró fún ẹni tó ṣì ní in. Ẹ fúnra yín béèrè fún un.

Ó wá ku ti Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan lẹ ní, orúkọ inú rẹ̀ ni Home Office, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwé ìgbélùú níbí, ń kọ sórí eVisa (ẹ̀rí ìgbélùú orí íntánẹ́ẹ̀tì), deed poll nìkan kò lè yí i. Ẹ ó ṣe àfidáfítì nílé ẹjọ́, ẹ ó kéde nínú ìwé ìròyìn, ẹ ó tún NIN ṣe, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Immigration ti Nàìjíríà tó ń ṣe pásípọ́ọ̀tù, torí inú NIN ni wọ́n ti ń mú orúkọ. Akọ tàbí abo tó wà níbẹ̀ ò ní yí padà. Ìkéde yẹn náà kì í ṣe ohun àṣírí.

Ibí ni orúkọ Yorùbá ti ń gbani. Tèmítọ́pẹ́, Olúwaṣeun, Tolúlọpẹ́, Kẹ́hìndé: tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ wọn. Bí Michael bá wà níwájú Tèmítọ́pẹ́, ẹ yọ Michael, ẹ fi Tèmítọ́pẹ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó ka ìkéde bẹ́ẹ̀ tí yóò fura. Orúkọ bíi Yétúndé àti oríkì ló ń sọ akọ tàbí abo, Àjàní fún ọkùnrin, Àjọkẹ́ fún obìnrin. Ẹni tó bá wù lè fi Àjọkẹ́ sínú deed poll ti ibí, bí kò bá léwu fún un.

Àmọ́ bí ẹ bá ní pásípọ́ọ̀tù méjèèjì, iléeṣẹ́ pásípọ́ọ̀tù ti ibí ń fẹ́ kí orúkọ inú wọn bára mu. Ẹ má fi ti Nàìjíríà pamọ́, fọ́ọ̀mù wọn béèrè rẹ̀. Bí yíyí i padà bá lè kó yín sínú ewu, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà, kí ẹ fi í mọ́ fọ́ọ̀mù. Kí ẹ sì kọ orúkọ náà bákan náà níbi gbogbo, láìsí àmì ohùn: Segun lónìí, Shegun lọ́la, ìyẹn nìkan ti tó láti dá ìwé yín dúró.