Ọmọ mi ní ọkùnrin bíi tòun ló ń wu òun: kí ni ẹ̀sìn wí?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Mùsùlùmí ni bàbá àwọn ọmọ mi, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí èmi sí. Lóṣù tó kọjá, àkọ́bí wa, ọmọ ọdún 23, sọ fún mi pé obìnrin kì í wu òun, ọkùnrin ni. Bàbá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ tẹ ilé mọ́, ó sì wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àpáta. Àwọn ìyá ìjọ ní kí n mú un wá kí wọ́n fi pàṣán lé ẹ̀mí náà jáde. Ẹlòmíì tún ní àwọn ìjọ kan lókè òkun ń so irú wọn pọ̀. Kí ni ẹ̀sìn sọ gan-an? (Ìyá kan, Mọ́lété)

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú bírò. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ Bíbélì ní ìlú Ìbàdàn yìí, n kò sì ní purọ́ fún yín. Léfítíkù 18:22 kọ ìbálòpọ̀ akọ sí akọ, Pọ́ọ̀lù náà kọ̀ ọ́ nínú Róòmù orí kìíní. Nínú Àlùkùránì, Súrà A'raf bá àwọn ènìyàn Ànábì Lúútù wí kíkankíkan. Nítorí náà, bàbá ọmọ kò dá ọ̀rọ̀ sọ láti inú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kò fẹnu kò lórí ìjìyà rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀lé Hanafi, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka òfin Ìsìláàmù, ní ọwọ́ adájọ́ ló wà. Ìdájọ́ kì í ṣe ti bàbá nínú pálọ̀.

Wọn yóò dárúkọ Sódómù fún yín. Lóòótọ́, ìwé Júúdà so ó mọ́ àgbèrè. Ẹ sì tún ṣí Ìsíkíẹ́lì 16:49, ẹ kà á sókè: ẹ̀ṣẹ̀ Sódómù tó kà síbẹ̀ ni ìgbéraga, àjẹyó, àìran tálákà lọ́wọ́.

Ti òkè òkun, òótọ́ ni. Ní 2003 wọ́n fi Gene Robinson, ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin gbé ní gbangba, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, Áńgílíkà ilẹ̀ wa sì bínú gan-an. Àmọ́ ìpàdé Lambeth ti 1998, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà gbogbo àgbáyé, èyí tó ní ìbálòpọ̀ akọ sí akọ kò bá Ìwé Mímọ́ mu, sọ nínú ìpinnu kan náà pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn, kí a sì fetí sí wọn. Apá yẹn ni a kì í kà. Ìjọ Àgùdà náà ní ìwà ọ̀hún kò tọ́, ó sì ní kí a bọ̀wọ̀ fún ẹni náà, kí a ṣàánú rẹ̀. Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà mú ìkálọ́wọ́kò tiwọn lórí fífi irú wọn joyè àlùfáà àti síso wọ́n pọ̀ kúrò ní 2024. Àwọn Júù Orthodox, tó di òfin àtijọ́ mú ṣinṣin, kò gbà; àwọn Reform, tó ń tún òfin náà yẹ̀ wò, gbà. Ẹ̀sìn Híńdù kò ní olórí kan tí yóò pàṣẹ fún gbogbo wọn; òfin tó fi irú rẹ̀ sọni sẹ́wọ̀n ní Íńdíà, Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e wá, kóòtù sì wọ́gi lé e ní 2018.

Ní ti pàṣán, Jésù lé ẹ̀mí jáde lọ́pọ̀ ìgbà. N kò tíì rí ibi tó ti na ẹnì kankan kí ẹ̀mí tó jáde.

Ọmọ kan tí mo kọ́ rí jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi ní Òkè-Bọ̀lá lọ́jọ́ kan tójò ń rọ̀, aṣọ mẹ́ta nínú ọ̀rá dúdú. Irin bẹ́líìtì bàbá rẹ̀ ti sàmì sí i lẹ́yìn níbi mẹ́rin. Mo bu àmàlà àti gbẹ̀gìrì fún un. Òkèlè kan ṣoṣo ló ń yí lọ́wọ́, títí ó fi gbẹ mọ́ ọn níka. Ó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Títí di òní, bí mo bá dé Dùgbẹ̀, mo máa ń wá ojú rẹ̀ láàrin èrò.

Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ìjọ mọ́. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó akọ sí akọ, ọdún 10 sórí fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹnu ẹnì kan lè fa ọlọ́pàá wá bá a. Ẹ wá àgbà kan tí ọkọ yín ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, tó mọ ẹ̀sìn, tó sì lè pa àṣírí mọ́, kó bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun.