"His daughter, Folake": kọ́mà mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. À ń múra ìsìnkú bàbá wa, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ìwé ètò ìsìn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ gbólóhùn yìí: "His daughter, Folake will read the first lesson." Àbúrò mi obìnrin ní kọ́mà kan ló kù, kí n fi sẹ́yìn Folake. Ọkọ rẹ̀ ní rárá, èyí tó wà níbẹ̀ gan-an kò yẹ kó wà. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni bàbá bí. Mo ti pa orúkọ dà nínú lẹ́tà yìí. Atẹ̀wé ń retí iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ní Ọjọ́bọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, kí ẹ̀yìn wọn dára.

Ọkọ àbúrò yín ló jàre. Ẹ yọ kọ́mà náà: "His daughter Folake will read the first lesson." Ṣùgbọ́n àbúrò yín náà mọ ohun tó ń sọ. Ká ní Folake nìkan lọ́mọbìnrin tí bàbá bí, tirẹ̀ ni à bá tẹ̀ lé: "His daughter, Folake, will read the first lesson." Èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ, tó ní kọ́mà ẹyọ kan, ni kò lè dúró nílé kankan, ìbáà jẹ́ ilé ọlọ́mọ kan tàbí ilé ọlọ́mọ mẹ́wàá.

Àwọn onígírámà ń pe ohun tó wà nínú gbólóhùn yín ní appositive. Ẹ ti kọ́kọ́ pe ẹnì kan ní "his daughter"; ẹ tún wá fi orúkọ mìíràn, "Folake", pe ẹni yẹn kan náà, ẹ sì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwa náà kò ṣàì máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ní "Ṣàngó, ọkọ Ọya", ẹnì kan náà la fi orúkọ méjì pè, oríkì wa sì kún fún irú rẹ̀. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yà sọ́tọ̀ ni pé kọ́mà tó bá wà láàárín orúkọ méjèèjì ń ka iye. Bí kò bá sí kọ́mà, òǹkàwé á gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀, orúkọ tó tẹ̀ lé e la fi ń yan ọ̀kan nínú wọn. Bí kọ́mà méjì bá ká orúkọ náà mọ́, ó gbà pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé Ṣàngó. Ìtàn sọ pé ìyàwó mẹ́ta ló ní: Ọya, Ọ̀ṣun àti Ọbà. Tí mo bá kọ "Sango's wife Oya became a river," ó tọ̀nà. Tí mo bá kọ "Sango's wife, Oya, became a river," mo ti fi kọ́mà méjì lé Ọ̀ṣun àti Ọbà jáde nílé ọkọ wọn. Ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ bá ṣáájú, "Oya, a wife of Sango, became a river," kọ́mà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ Ọya nìkan ti tó láti dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tó tẹ̀ lé e, àlàyé la fi ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó ń kọ ìwé ìsìnkú pé kí wọ́n ṣọ́ra níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìyàwó. Nílé tí ìyàwó ti ju ọ̀kan lọ, "his wife, Sade," kọjá àṣìṣe gírámà. Ìyàwó kejì tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á rí i pé wọn kò kà á mọ́ ìyàwó. Mo ti bá ẹbí kan jókòó lálẹ́ àìsùn, tí a ń fi bírò pa kọ́mà bẹ́ẹ̀ rẹ́ nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nílé aláya kan, àwọn olóòtú mìíràn kì í bínú sí "his wife Sade" láìsí kọ́mà. Èmi náà kì í jà sí i, bí ó bá ṣáà ti rí bákan náà láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ yọ orúkọ náà, kí ẹ ka ìyókù sókè: "His daughter will read the first lesson." Ṣé ará ìjọ lè bèèrè pé, "Èwo nínú wọn?" Bó bá lè bèèrè, ẹ má fi kọ́mà sí i. Ọ̀nà yìí kì í tanni, kódà níta ọ̀rọ̀ ẹbí. "The Nigerian playwright Wole Soyinka was born in Abeokuta": kò sí kọ́mà, torí àwọn tó ń kọ eré onítàn pọ̀ ní Nàìjíríà. "The winner of the 1986 Nobel Prize in Literature, Wole Soyinka, was born in Abeokuta": kọ́mà méjì, torí òun nìkan ló gba ẹ̀bùn náà lọ́dún yẹn.

Nípa kọ́mà ẹyọ kan: ó ya olùwà nípa sí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Ẹni tó bá ka "His daughter, Folake will read" lè rò pé ọmọ bàbá lẹ ń bá sọ̀rọ̀, tí ẹ ń sọ fún un pé Folake ló máa kàwé. Kọ́mà kejì yìí la sábà máa ń gbàgbé bí àlàyé bá gùn: "Obafemi Awolowo, the first Premier of the Western Region, introduced free primary education in 1955." Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń dé ọwọ́ mi ni kò ní kọ́mà tó yẹ kó wà lẹ́yìn "Region". Bákan náà ni ti orúkọ ìlú àti ìpínlẹ̀: "He was buried in Abeokuta, Ogun State, on Friday." Ìgbà tí àlàyé bá parí gbólóhùn nìkan ni àmì ìdánudúró máa ń gba ipò kọ́mà kejì.

Oyè tó bá ṣáájú orúkọ kò gba kọ́mà rárá: "Chief", "Dr", "Deaconess Folake".

Ojú ewé ìdúpẹ́ ló máa fẹ́ àkókò yín jù. Ẹ wo èyí: "We thank his doctor, Mrs Ojo, and the choir." Ṣé Mrs Ojo ni dókítà náà, àbí ẹni ọ̀tọ̀ ni? Kọ́mà tó ń tò nǹkan sílẹ̀ àti èyí tó ń ṣàlàyé jọra wọn lójú, òǹkàwé kò sì lè yà wọ́n. Ẹ má fi kọ́mà wá ojútùú sí i, ẹ tún gbólóhùn náà kọ: "We thank Mrs Ojo, who was his doctor, and the choir." Bí ẹ bá fẹ́ to orúkọ àwọn ọmọbìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lo ìlà gígùn méjì dípò kọ́mà àtẹ̀yìn àti tiwájú: "His daughters — Folake, Kemi, Bisi and Ronke — will receive guests in the hall." Kọ́mà inú wá dá wà fún títo orúkọ nìkan.

Kí ẹ tó kó iṣẹ́ fún atẹ̀wé, ẹ pe àgbà ẹbí kan jókòó. Ibi gbogbo tí ẹ bá ti kọ "his son", "his sister" tàbí "his wife", ẹ bi í pé mélòó ni wọ́n.