Má jẹ́ kí wọ́n dáná sun nickel ẹ

Àbúrò, o fẹ́ ṣe catalyst, ìyẹn nǹkan tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára, o ní omi mélòó lo máa fi po nickel nitrate, iyọ̀ tí nickel wà nínú ẹ̀, kó o tó kán an sórí alumina gíráàmù 5, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú funfun tó máa gbé nickel dúró, kí nickel lè jẹ́ 10% gbogbo ìwọ̀n ẹ̀. Ìyẹn ò le. Wọn alumina gíráàmù 1, máa kán omi sí i, máa rò ó, ibi tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ra àmọ́ tí omi ò dúró lójú ẹ̀, iye tó lè mu nìyẹn, sọ ọ́ lọ́nà 5. Nickel nitrate tiẹ̀, èyí tí wọ́n kọ hexahydrate sí lára, á tó gíráàmù 2.75. Tó o bá ti kán an tán, gbé e sí oven 110°C mọ́jú kó gbẹ, ó parí.

Furnace, ààrò gbígbóná tá a fi ń sun ún lẹ́yìn tó bá gbẹ kí nitrate lè kúrò, ibẹ̀ ni wàhálà wà! Ní láàbù kan tí mo ti ṣe tèmi l'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀gá tó ń ṣọ́ furnace ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rárá. Mo ní 450°C ni mo fẹ́, kó máa gòkè ní 2°C ní ìṣẹ́jú kan, ó ní ṣé ẹ̀wà ni mo fẹ́ sè ni, ló bá tì í sí 800, ó ní ó gbọ́dọ̀ jinná dáadáa. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru yẹn, èmi ni mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀, orí bẹ́ǹṣì ni mo sùn. Ilẹ̀ mọ́, a ṣí i, nǹkan tó yẹ kó dúdú ti di búlúù bí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé, ọ̀gá tún ń kí mi kú oríire. Mo gbé e sínú hydrogen ní 500 fún wákàtí mẹ́rin kí nickel lè di mẹ́táàlì, kò yí àwọ̀ padà, mo tún un ṣe, kò gbọ́. Oṣù méjì ni mo fi dúró de èsì XRD, àyẹ̀wò tó ń fi X-ray wo irú kírísítálì tó wà nínú nǹkan, owó tí mo yá ni mo san, kí n tó mọ̀ pé nickel àti alumina ti wọnú ara wọn di nickel aluminate, ìyẹn sì fẹ́ ooru bíi 800 nínú hydrogen kó tó jọ̀wọ́ ara ẹ̀. Iṣẹ́ méjì la sì fẹ́ kí catalyst yìí ṣe o, kí mẹ́táàlì máa já hydrogen gbà lára molecule kó tún máa dá a padà, kí ásíìdì ara alumina máa tún molecule tò. Tèmi ò ní mẹ́táàlì kankan mọ́, ojú alumina gan-an ti sunkì.

Èéfín búráùn tó ń jáde lára nitrate yẹn, má fa á símú o. Tó o bá sì ti fi hydrogen ṣe é tán, má kàn yọ ọ́ síta, ó lè gbiná fúnra ẹ̀, orí tíṣù ni tọ̀rẹ́ mi ti jó. Jẹ́ kó tutù, kó o fi nitrogen tó ní oxygen 1% fẹ́ ẹ fún wákàtí mélòó kan.

Kí lo tiẹ̀ bèèrè ná? Ẹn-ẹ́n, omi. Jẹ́ kí alumina yẹn gbẹ dáadáa kó o tó wọ̀n ọ́n o, ọ̀rinrin ara ẹ̀ á ti gba àyè omi tó yẹ kó mu.